Bí Oúnjẹ Bá Di Ìjà fún Ọ̀rẹ́ Rẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ràn án Lọ́wọ́

Tí ọ̀rẹ́ ẹni bá ń sá fún oúnjẹ, tàbí tó ń jẹ àjẹjù ní kọ̀rọ̀ tó sì ń lọ bì í dànù, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa ni "Jẹun jàre." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣiṣẹ́. Ẹni tí àìsàn oúnjẹ jíjẹ bá mú mọ̀ pé oúnjẹ wà, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun jẹ ẹ́, ebi sì lè máa pa á gan-an. Kì í ṣe àìgbọ́n ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe fàájì.

Ọ̀rẹ́ la kọ èyí fún, kì í ṣe dókítà: ẹni tí ìwọ àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe ṣíífù ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston. Kì í ṣe ìwọ lo máa wo àìsàn náà, kì í sì í ṣe ìwọ lo máa ṣọ́ abọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni kó o mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wò ó, kó o má sì fi í sílẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan.

## Ohun tí àìsàn yìí jẹ́

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn dókítà. Ẹni tó ní anorexia á máa dín oúnjẹ kù títí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, ẹ̀rù sísanra á sì gbà á lọ́kàn débi pé bó ti wù kó rù tó, kò ní rí i bẹ́ẹ̀ nínú dígí. Bulimia ni èyí tí Gerald Russell, dókítà ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fún lórúkọ ní 1979: ènìyàn á jẹ oúnjẹ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n ń lé, á wá máa wá ọ̀nà láti mú un kúrò lára. Nínú binge eating disorder, àjẹjù yẹn wà, ìtìjú wà, ṣùgbọ́n kò sí wíwá ọ̀nà láti mú un kúrò; ọdún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fún un ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé àtòjọ àìsàn wọn. Àwọn kan sì wà tí kò bẹ̀rù sísanra rárá, tó jẹ́ òórùn oúnjẹ, bó ṣe rí lẹ́nu, tàbí ìbẹ̀rù pé á há wọn lọ́fun ni kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ. ARFID ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá ìkankan mu délẹ̀délẹ̀. Má da ara rẹ láàmú lórí orúkọ, dókítà ló máa fún un lórúkọ.

Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Lẹ́pa lè ní i, orobo lè ní i, ọkùnrin lè ní i, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè ní i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní bulimia ni ìwọ̀n ara wọn kò yàtọ̀ sí tàwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá ń fọn lójijì ni a sì máa ń yìn jù, "Ṣé o ò rí i bó o ṣe rẹwà! Kí lò ń lò?", nígbà tó jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ lè ti máa lù ségesège.

## Ohun tí o lè máa rí

Ìwà ni kó o máa wò, kì í ṣe ìbàdí.

- Gbogbo ìgbà ló "ti jẹun kó tó dé". Ó ń se oúnjẹ fún gbogbo yàrá, kì í bu tirẹ̀. Tó bá sì bù ú, á máa gé e wẹ́wẹ́, á máa tì í káàkiri abọ́ títí ẹran á fi dì.
- "Ọ́sà ló ń dà mí láàmú" ni ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè, àmọ́ kò sí dókítà tó sọ fún un pé ọgbẹ́ inú ló ní.
- Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ jẹun tán tó ti wọ bafúrọ́ọ̀mù, omi ẹ̀rọ á máa dà ṣàà, á jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n.
- Gàrí, mílíìkì àti bisikíìtì yàrá ń pòórá lóru, o sì ń rí ọ̀rá wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
- Ó ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan tí oòrùn Ìbàdàn ń ta yọ̀ọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi fíríìjì. Òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Irun rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n wíìgì àti irun dídì kì í jẹ́ kí èyí tètè hàn.
- Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lápá méjèèjì bíi ti ẹni tó ní ṣẹ́gẹdẹ̀, eyín rẹ̀ ń jẹ, àpá wà lẹ́yìn ìka ọwọ́ rẹ̀. Èébì ló ń fa ìwọ̀nyí.
- Tíì tí wọ́n ń tà lórí Instagram pé ó ń mú ikùn wọlé wà nínú àpò rẹ̀. Sẹ́nà, tó jẹ́ oògùn ìyàgbẹ́, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi àti iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù ló ń kó jáde, kì í ṣe ọ̀rá.

Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa pọ̀, tí ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó láti bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ gba sùúrù ní àwùjọ wa, torí kò sí ìbòjú tó nípọn tó o. Ta ló fẹ́ dá ẹni tó ń gbàwẹ̀ lẹ́kun? Ìyàtọ̀ wà, tó o bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tó ń bá ìjọ gbàwẹ̀ máa ń ṣínu pẹ̀lú àwọn tó kù, inú rẹ̀ máa ń dùn tí àkókò bá tó. Ẹni tí àìsàn ń darí á parí àwẹ̀ kan, á tún rí òmíràn, á máa sún ìṣínu síwájú, ara rẹ̀ á sì gbóná tí ẹnikẹ́ni bá ní kó sinmi. Ní ti Ràmàdáánì, Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, ti yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú àwẹ̀, kó san án pa dà nígbà tí ara bá yá. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ náà kì í ní kí aláìsàn gbàwẹ̀ tí wọ́n bá mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kì í mọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ 0-1-0, ìyẹn oúnjẹ ọ̀sán nìkan lójúmọ́, lè jẹ́ pé àpò rẹ̀ ló gbẹ. Bu oúnjẹ fún un láìsọ nǹkan kan. Ẹni tí ebi lásán ń pa á jẹ ẹ́, á sì dúpẹ́. Ẹni tí àìsàn yìí mú á wá àwáwí, tàbí kó jẹ ẹ́ kí ìbẹ̀rù sì mú un lẹ́yìn rẹ̀. Méjèèjì tún lè wà lára ẹnì kan náà, torí ọ̀wọ́n gógó ni àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ohun tí wọn kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtọ̀ ṣúgà, gẹ̀gẹ̀ àti kòkòrò HIV náà máa ń mú ènìyàn fọn. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà.

## Ìgbà tí kò sí àkókò ọ̀rọ̀

Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la, tí o bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ó dákú, àyà ń dùn ún tàbí ọkàn rẹ̀ ń fò, ó ń bi ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, gìrì mú un, omi kò dúró nínú rẹ̀ mọ́, kò lè dìde lórí ìlóṣòó láìfọwọ́ ti nǹkan, ó ti lé ní ọjọ́ márùn-ún tí kò fi nǹkan gidi kan sẹ́nu, ó ní òun fẹ́ kú.

O lè ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́, fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìhà àtàǹpàkò, kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tí kò bá tó 40, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Tó bá wà láàárín 40 sí 50, kó rí dókítà lọ́jọ́ yẹn. Bí iye náà bá sì dára, àmì tó kù ṣì ní ìtumọ̀ wọn.

Tó bá dákú, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, tú ohun tó bá fún un lọ́rùn. Tó bá ń mí ṣùgbọ́n tí kò jí, yí i sí ẹ̀gbẹ́. Má da omi tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, má sì fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀ bí gìrì bá mú un. Ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn máa ń gbà lọ, eyín ni ṣíbí sì máa ń ká. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112 ní Nàìjíríà, 999 ní Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà. Tí ọkọ̀ àǹbúláǹsì bá ń falẹ̀, wá mọ́tò.

## Kí o tó ya ẹnu

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó lọ. A fẹ́ràn ká pe àgbà jọ sórí ọ̀rọ̀, èyí sì dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ tí ènìyàn mẹ́fà bá jókòó yí ẹni tí ìtìjú ti bò mọ́lẹ̀ ká, ẹjọ́ ló máa rò pé wọ́n ń dá fóun. Kí ẹni tó fọkàn tán jù lọ bá a sọ ọ́.

Má sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Má sọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí ẹ, má sì sọ ọ́ lórí WhatsApp, torí á kà á, á pa á rẹ́, á sì pa fóònù. Nígbà tẹ́ ẹ bá jọ ń rìn lọ, tàbí tẹ́ ẹ jókòó nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn, ó máa ń rọrùn, torí kò ní di dandan kó wò ẹ́ lójú.

Kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí o fojú ara rẹ rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí o rò, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ fún ẹ. Kó o sì ti mọ ibi tẹ́ ẹ lè lọ: ọjọ́ wo ni ilé ìwòsàn ilé ìwé ń gba aláìsàn, aago mélòó, èló ni káàdì. Tó bá ṣèèṣì ní "Ó dáa, ká lọ," kò yẹ kó jẹ́ ìgbà yẹn ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí.

## Ọ̀rọ̀ náà gan-an

Sọ ohun tí o rí, sọ bó ṣe rí lára rẹ, béèrè ohun kan, kó o sì dákẹ́. Ó lè lọ báyìí:

"Mo fẹ́ bá ẹ sọ nǹkan kan, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá ẹ jà o. Láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí, mo rí i pé tá a bá jẹun tán o máa ń yára wọ bafúrọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ Ẹtì, òòyì kọ́ ẹ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé nǹkan kan ń dà ẹ́ láàmú?"

Tó bá jẹ́ pé ó jù ẹ́ lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mò ń sọ èyí. Ẹ̀yin lẹ máa ń bojú tó gbogbo wa. Mo rí i pé ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ṣé ẹ lè sọ fún mi ohun tó ń ṣẹlẹ̀?"

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa tẹ̀ lé e le. Má fi ọ̀rọ̀ dí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti máa ń bà á jẹ́, nítorí pé ara wọn kò gbà á, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Tó bá ní "Kò sí nǹkan kan," ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù, kò sì túmọ̀ sí pé o kùnà. Dá a lóhùn pé: "Ó dáa. Mi ò ní fipá mú ẹ. Àmọ́ mi ò lè ṣe bí ẹni pé mi ò rí i, màá tún béèrè." Kó o sì tún béèrè lóòótọ́, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ jọ wo bọ́ọ̀lù, ẹ jọ lọ ọjà, ẹ ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó má bàa rò pé àìsàn nìkan lo wá ń rí lára òun.

Tó bá fara ya, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?", má gbá a pa dà. "Mo gbọ́. Mi ò fẹ́ bí ẹ nínú. Mo ṣì wà níbí." Ó tó. Tó bá ń sunkún, jókòó tì í, má kánjú ní kó dákẹ́.

Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dún bí ẹni tí ayé ti sú, bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti ń ṣe ẹ́ bíi kó o pa ara ẹ?" Bíbéèrè kò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ẹni tó ti ń rò ó, ara máa ń tù ú pé ẹnì kan béèrè. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi òun nìkan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá dókítà lọ́jọ́ yẹn.

Ó lè ní kó o búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Má búra. Sọ pé: "Mi ò ní gbé e káàkiri. Àmọ́ tí mo bá rí i pé ẹ̀mí ẹ fẹ́ wà nínú ewu, màá sọ fún ẹni tó lè gbà ẹ́, ìwọ ni màá sì kọ́kọ́ sọ fún." Ẹni tó bá búra lọ́jọ́ kìíní, tó wá dalẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, kì í tètè rí ìgbẹ́kẹ̀lé náà gbà pa dà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká gbé jù sílẹ̀ pátápátá. "Wo bó o ṣe rù bí igi ìgbálẹ̀": ẹni tó ní anorexia lè gbọ́ ọ bí oríyìn. "O ti ń sanra díẹ̀, o ti ń dáa": "sanra" nìkan ni yóò gbọ́, ó sì lè má jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Àwọn kan ń wá oúnjẹ, wọn ò rí": ìtìjú ló ń fi kún un, ìtìjú sì ni epo tí iná yìí fi ń jó. "Ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí?" kò yẹ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rárá. Kíkí tiwa gan-an ló ṣòro jù níbí, torí ọ̀yàyà ni ká sọ̀rọ̀ ara nígbà tá a bá pàdé: o ti fọn, o ti yọ̀, ara ẹ ń dán. Fún ọ̀rẹ́ yìí, fi "Inú mi dùn láti rí ẹ" rọ́pò rẹ̀. Má sì máa sọ̀rọ̀ ara tìrẹ pẹ̀lú níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé "Mo gbọ́dọ̀ din ikùn yìí kù kí ọdún tó dé" kò lè máa rọ ẹlòmíràn pé kó jẹun.

Kí ló dé tí àlàyé gígùn kì í fi wọlé? Láti 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 kù fún bí oṣù mẹ́fà láti mọ ohun tí ebi ń sọ ènìyàn dà. Àwọn ọkùnrin yìí yọ̀ǹda ara wọn. Ara wọn le, orí wọn pé, kò sì sí èyí tó ní àìsàn oúnjẹ. Nígbà tó yá, oúnjẹ ni wọ́n ń rò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, inú ń bí wọn sódì, wọ́n ń yẹra fún ènìyàn, òtútù ń mú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ebi fúnra rẹ̀ ló ṣe gbogbo ìyẹn. Nítorí náà, agídí àti ìbínú tí ò ń rí lára ọ̀rẹ́ rẹ lè má jẹ́ ìwà rẹ̀. Ọpọlọ tí kò rí oúnjẹ jẹ ló ń sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ kúrú, kó jẹ́ ọ̀kan náà, kó sì máa wá léraléra.

## Lílọ sọ́dọ̀ dókítà

Tó bá ti gbà, mú ọjọ́ lójú ẹsẹ̀, kó o sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní "màá lọ fúnra mi" lè máa sún un síwájú títí ọdún á fi parí.

Ní Nàìjíríà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ilé ìwé tàbí jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín. Tí ilé ìwé bá wà nínú ètò ìnṣọ́ránsì ìlera akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní TISHIP, ẹ béèrè ohun tó bò. Láti ibẹ̀ wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka dókítà ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn OAU ní Ifẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta, àti ní Yábàá. Orúkọ Arò máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, wọ́n á ní wọ́n á pe àwọn ní wèrè. Ẹni tó ń wá rí dókítà tó sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà pọ̀ níbẹ̀. Arò yìí kan náà ni Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tó jẹ́ pé aláìsàn ń gbé ní abúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, tó sì ń wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Kí ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ dókítà tó ń gba aláìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àìsàn yìí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní "inú ń run mí, ara mi ò le," oògùn ibà àti ti ọ́sà ni wọ́n máa kọ fún un, ilé ló máa bọ̀. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ kọ ìwé ojú kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń jẹ lọ́jọ́ kan gan-an, bóyá ó ń bì tàbí ó ń lo oògùn ìyàgbẹ́, àti bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ tó, ìgbà tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, dídákú, oògùn àti àgbo tó ń mu, bóyá ó ti ro ikú. Òun ni kó fa ìwé náà lé dókítà lọ́wọ́. Ó rọrùn ju kó fẹnu sọ ọ́ lọ. Gbólóhùn tó gbọ́dọ̀ jáde ni: "Dókítà, a rò pé àìsàn oúnjẹ jíjẹ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

PCV, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, nìkan kò tó. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lórí ìjókòó àti lórí ìdúró, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ara ṣe gbóná sí, ṣúgà ẹ̀jẹ̀, E/U/Cr (àyẹ̀wò àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín) tó máa fi potassium hàn, phosphate àti magnesium níbi tí wọ́n bá lè ṣe é, àti ECG, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹni tó ń bì ni potassium rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn ti lè dáwọ́ dúró lójijì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ èyí: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè jáde dáadáa kí ènìyàn sì wà nínú ewu, torí ara máa ń gbìyànjú títí kó tó já. "Èsì dáa" kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, GP, dókítà àdúgbò tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí, ni ẹnu ọ̀nà. Tí GP bá ní ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ tó, ẹ rán an létí pé ìlànà 2017 ti NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde níbẹ̀, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi BMI (bí ìwọ̀n ara ṣe tó sí gíga) nìkan pinnu ẹni tí wọ́n máa tọ́jú. Ẹni ọdún 16 sí 25 tí àìsàn náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta lára rẹ̀ lè béèrè fún FREED, ètò tó ń tètè tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí àìsàn yìí mú, ní agbègbè tó bá wà. Beat, ẹgbẹ́ aláàánú tó wà fún ọ̀rọ̀ àìsàn oúnjẹ jíjẹ, ń gba ọ̀rẹ́ àti ẹbí náà nímọ̀ràn, kì í ṣe aláìsàn nìkan. Àwòrán ọmọbìnrin òyìnbó tó rù kan egungun ló wà lọ́kàn àwọn kan ní ilé ìwòsàn, nítorí náà ó lè di dandan kẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn yunifásítì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àtikú, 988 ni kẹ́ ẹ pè.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́ ni òpómúléró rẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ní bulimia, ó máa ń tó ìpàdé 20. Fún anorexia, ó lè dé 40, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tó ṣì wà nílé, ìtọ́jú tí òbí gbé oúnjẹ lọ́wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú. Kò sí oògùn kan tó lè dá wo anorexia sàn.

## Nídìí oúnjẹ

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ jẹun fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, má gbé òkìtì iyán síwájú rẹ̀ pé kó "gba ara". Tí oúnjẹ bá ya wọ ara tí ebi ti gbẹ, phosphate, potassium àti magnesium inú ẹ̀jẹ̀ á sá wọ inú sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn àti èémí lè dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ lè wú. Ìfẹ́ ló ń sún ènìyàn ṣe é, ikú ló lè yọrí sí. Ilé ìwòsàn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀, jẹun pẹ̀lú rẹ̀. Kí oúnjẹ tìrẹ náà wà níwájú rẹ. Má ka òkèlè, má wo ẹnu rẹ̀, má sọ pé "O ṣeun, o parí ẹ!" bí ẹni ń yin ọmọdé. Ẹ sọ̀rọ̀ tíṣà, ẹ sọ̀rọ̀ fíìmù. Kẹ́ ẹ ti fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tẹ́ ẹ máa jẹ, torí ìpinnu nídìí abọ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń le jù fún ẹni tó ń bì. Tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ wà pa pọ̀ ní gbogbo wákàtí yẹn: ẹ fọ abọ́, ẹ ta ayò. Àmọ́ má tilẹ̀kùn bafúrọ́ọ̀mù mọ́ ọn, má sì tú àpò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá ti di ọlọ́pàá, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún un.

Ó wàǹbẹ̀ jẹ́ ìṣòro tara rẹ̀. Ìyàwó ilé kan á gbé jọ̀lọ́ọ̀fù kún abọ́, ìyá kan á ní "Kí ló ń ṣe ẹ́ tó o fi gbẹ báyìí?" Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta: ohun tó máa jẹ, ọ̀rọ̀ kan tó máa sọ tí ara bá ń ni ín, àti aago tẹ́ ẹ máa kúrò. Ìwọ ni kó o dá àwọn ìyá náà lóhùn: "Ẹ ṣé gan-an ma, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀," kó o sì yí ọ̀rọ̀ pa dà.

## Òbí, pásítọ̀, ààfáà

Tí kò bá tíì pé ọdún 18, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó bá ti dàgbà, tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, àyàfi tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Tó bá di dandan kó o pe ìyá rẹ̀, má fi ìpayà bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú ilé ma. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa. Ara rẹ̀ kò yá, kì í lè jẹun, ó sì dákú láàárọ̀. Dókítà ní àìsàn ni, kì í ṣe agídí. A fẹ́ kí ẹ wá." Ẹni kan ni kó o sọ fún, má sọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí.

Wọ́n lè ní ayé ló ń ṣe é. Má bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, o ò ní borí. Ohun tó o máa dúró lé ni pé kí àdúrà àti ilé ìwòsàn jọ máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àwẹ̀ tàbí ìṣọ́ òru láìjẹun kún àdúrà náà. Pásítọ̀ tàbí ààfáà tí ọ̀rẹ́ rẹ bọ̀wọ̀ fún, tó bá sọ fún un lójúkojú pé "Mo yọ̀ǹda ẹ, má gbàwẹ̀ lọ́dún yìí," lè ṣe ohun tí ìwọ kò lè ṣe láti oṣù mẹ́ta. Lọ bá a, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀rẹ́ rẹ.

## Bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́

Má nìkan gbé e. Ẹ tó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ pín in: ẹnì kan fún ọjọ́ ilé ìwòsàn, ẹnì kan fún oúnjẹ alẹ́, ẹnì kan tí kò ní sọ̀rọ̀ àìsàn rárá, tó kàn jẹ́ pé eré ni wọ́n jọ ń ṣe. Tí oorun rẹ bá ti ń bà jẹ́, tí ìwé rẹ ń lọ sẹ́yìn, sọ ọ́, kí ẹlòmíràn gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àìsàn yìí máa ń padà yọjú, pàápàá ní àkókò ìdánwò, lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, tàbí nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí ara rẹ̀ bá yá díẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ ìwé kékeré kan. Kó fúnra rẹ̀ sọ àmì mẹ́ta tó máa ń kọ́kọ́ yọ tó bá fẹ́ padà, bí àpẹẹrẹ "mo máa ń dẹ́kun oúnjẹ àárọ̀" tàbí "mo máa ń wọn ara mi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́". Kó sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó o fi rán òun létí, àti èyí tí kò fẹ́ gbọ́. Kọ orúkọ dókítà rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni méjì tẹ́ ẹ lè pè sí i. Ẹ ya á sórí fóònù yín méjèèjì, kẹ́ ẹ sì tún un wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà máa ń yí pa dà, àmì náà sì máa ń yí pa dà.